Béèsì Wọlé, Ẹrù Náà Wọlé: Fífi Wúfà Sínú Búùtù Ọkọ̀ Kékeré

Ẹni tó bá fẹ́ fi wúfà, sípíkà tó ń gbé béèsì jáde, sọ́kọ̀ sábà máa ń ti ọjà Alaba tàbí Ladipo bẹ̀rẹ̀. Á rí wúfà ínṣì 12 kan tí etí rẹ̀ ń dán, ẹni tó ń tà á á ní "ọ̀gá mi, èyí máa mi gíláàsì", owó á jáde lápò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé e lọ bá káfíńtà pé kó kan àpótí tó bá a mu. Àpótí á wọ búùtù, búùtù á sì tán síbẹ̀. Nígbà tí Sátidé bá dé, tí ìyá àwọn ọmọ bá ní kí wọ́n gbé kúlà méjì àti ìkòkò ọbẹ̀ lọ síbi ìnáwó, orí ìjókòó ẹ̀yìn ni ẹrù máa gbà, àwọn ọmọ á wá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀ lé e.

Ìlànà inú orí ìwé yìí yàtọ̀ sí ìyẹn: wúfà ni ẹ máa rà gbẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n nínú búùtù, ìtẹ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó lọ wá eku tó máa wọ̀ ọ́.

Kí ló ń jẹ àyè gan-an?

Wúfà fúnra rẹ̀ kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Ínṣì 10 kan kì í gbà ju nǹkan bíi lítà kan sí méjì lọ nínú àpótí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ àyè, àti pákó tí wọ́n fi dè é. Bí ojú wúfà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ló ń fa ti ẹ̀yìn, ohùn méjèèjì sì ń ta ko ara wọn. Bí àpótí kò bá là wọ́n níyà, wọ́n á pa ara wọn, ẹ ó máa rí wúfà tó ń mì láìgbọ́ béèsì kankan.

Àpótí tí wọ́n dí pa wà, èyí tó ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde náà wà. Nínú àpótí dídí, ínṣì 10 sábà máa ń fẹ́ lítà 15 sí 23, ínṣì 12 á fẹ́ 23 sí 35. Bí ínṣì 12 kan náà bá bọ́ sínú àpótí oníhò, ó lè béèrè lítà 45 sí 60. Ínṣì 12 méjì nínú àpótí oníhò kan, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ràn jù, lè gbà tó lítà 130 bí a bá ka pákó rẹ̀ mọ́ ọn. Búùtù Corolla 2009 sí 2013 tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà kò ju lítà 348 lọ. Ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nìyẹn, ẹ kò sì tíì gbé àpò ìrẹsì kan sí i.

Edgar Villchur, ará Amẹ́ríkà kan, ló fi hàn pé àpótí kékeré tí wọ́n dí pa lè mú béèsì tó jinlẹ̀ jáde. Ní 1954, iléeṣẹ́ rẹ̀, Acoustic Research, gbé sípíkà AR-1 jáde: wúfà tí wọ́n so lọ́nà tó rọ̀ gan-an, tí afẹ́fẹ́ inú àpótí wá ń ṣe sípíríǹgì fún un. Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. J. Anton Hofmann, tó bá Henry Kloss àti Malcolm Low dá iléeṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní 1957, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tí àwọn tó ń kan àpótí ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní. Àpótí kékeré, béèsì tó jinlẹ̀, ohùn ńlá pẹ̀lú iná díẹ̀: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì ni ẹ lè mú. Ẹni tó ń ṣọ́ búùtù ti mú àpótí kékeré. Bó bá tún fẹ́ béèsì tó jinlẹ̀, áńpìlìfáyà tó lágbára ló máa fi san gbèsè náà.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń bá wa san díẹ̀ lára gbèsè náà. Ìgbì ohùn 50 Hz kan gùn tó mítà 7, Corolla kò gùn tó mítà 5. Bí ìgbì bá ti gùn ju àyè tó wà nínú rẹ̀ lọ, ńṣe ni wúfà kàn ń fún afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ mọ́ra, tó sì ń tú u sílẹ̀, béèsì ìsàlẹ̀ á sì ga sí i. Ibi tí béèsì àpótí dídí ti ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ti ń gbé e dìde. Èmi ò lè sọ fún ẹni tí àyè bá ká lára pé kó lọ kan àpótí oníhò. Ohùn rẹ̀ ga lóòótọ́, àmọ́ àyè tó ń gbà ju ohun tó ń fi lélẹ̀ lọ.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: etí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ohùn tó wà lábẹ́ 80 Hz ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí wúfà fi lè sá pamọ́ sábẹ́ ìjókòó tàbí sínú táyà, kí orin sì máa dún bíi pé iwájú ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ kó ohun gbogbo tó wà nínú búùtù jáde sílẹ̀. Àwọn kan gbọ́dọ̀ máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru: sípíà táyà, jáàkì, wíìlì sípánà, ẹ̀rọ apaná, àti C-caution tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń béèrè. Àwọn kan sì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: sílíńdà gáàsì, jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré, iṣu tí wọ́n kó wá láti oko, àpótí ọmọ tó ń padà sí bọ́dìn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni kí ẹ fi wọn búùtù. Gbogbo àyè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó bá wọlé tán ni ti wúfà.

Ẹ wá mú téèpù. Ibi tí búùtù ti tóóró jù, láàárín ibi táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ni kí ẹ ti wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọn gíga rẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ wọn jíjìn rẹ̀ lókè, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ìjókòó máa ń fì sẹ́yìn. Ẹ wọn ẹnu búùtù náà: mo ti rí àpótí tó bá inú búùtù mu réǹréǹ, tí kò sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni apá irin méjì tó gbé ìdérí búùtù. Nínú Corolla àti Camry, yálà èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy tàbí Muscle, apá wọ̀nyí máa ń wọnú búùtù wá bí ẹ bá ti ń pa á dé. Ẹ rọra pa ìdérí náà, kí ẹni kejì yọjú láti orí ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí apá irin náà dé. Àpótí kò gbọ́dọ̀ kọjá àmì yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí Indomie, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ìwọ̀n àpótí tí ẹ ń rò, kí ẹ sì gbé e sínú búùtù. Ẹ máa gbé e káàkiri fún ọ̀sẹ̀ kan, lọ sọ́jà, lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹrù bá fọ́ páálí náà kí ọ̀sẹ̀ tó pé, àpótí yẹn ti tóbi jù fún yín.

Ibi tí wúfà lè sá sí

Abẹ́ ìjókòó iwájú ló rọrùn jù. Wọ́n ń ta wúfà pẹlẹbẹ kan tí áńpìlìfáyà wà nínú rẹ̀, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8 lọ. Ojú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ínṣì 8. Kò gba nǹkan kan nínú búùtù. Béèsì rẹ̀ kò lè mi gíláàsì, àmọ́ yóò mú kí gìtá béèsì inú orin jùjú dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń wá gan-an nìyẹn bí wọ́n bá ti tẹ́tí sí i. Kí ẹ tó rà á, ẹ sún ìjókòó síwájú, ẹ sún un sẹ́yìn, kí ẹ sì wo wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé ibi tí òjò ti ń kún ojú títì, bíi Lekki, ẹ rántí pé omi tó bá wọnú ọkọ̀, abẹ́ ìjókòó ló ń kọ́kọ́ dé.

Inú sípíà táyà ni ibi kejì. JBL ní BassPro Hub, ínṣì 11 tó ń jókòó sínú ihò rímù, tí bóòtì gígùn á sì gba àárín rẹ̀ kọjá lọ mú táyà mọ́lẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì búùtù á padà bò ó bíi tẹ́lẹ̀, olè pàápàá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Táyà yín ṣì wà, ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn. Mi ò bá ẹni tó yọ sípíà táyà jù sílẹ̀ nílé nítorí wúfà sọ̀rọ̀; jẹ́ kí táyà jò mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́ ní òru lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí táyà bá jò, ẹ gbọ́dọ̀ tú wáyà kí ẹ tó rí i mú jáde. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà gùn díẹ̀, kó sì ní ibi tí wọ́n ti ń fà á yọ.

Kọ̀rọ̀ búùtù, lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, jẹ́ àyè tí ẹrù kì í lò dáadáa. Àwọn tó mọ fáíbà á ṣe lè fi ṣe àpótí tó tẹ̀ lé gbogbo igun ibẹ̀. Iṣẹ́ náà pẹ́, ó gbówó lórí, ó sì dára púpọ̀ bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá dá ṣáṣá. Bí kò bá dá ṣáṣá, fáíbà tín-ín-rín á máa gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ ó sì pàdánù béèsì àti owó pọ̀.

Àwọn kan máa ń lu ihò sí pẹpẹ ẹ̀yìn, wọ́n á gbé wúfà sí i, kí gbogbo búùtù fi di àpótí. Kò gba àyè kankan, ìyẹn jẹ́ òótọ́. Àmọ́ wúfà tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn nìkan ló lè ṣe é, pẹpẹ tín-ín-rín náà fẹ́ pákó abẹ́ kó tó lè dúró, sílíńdà gáàsì kan tó bá sì fo sókè nínú kòtò lè ya ojú wúfà láti abẹ́. Mi ò dámọ̀ràn rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àpótí pẹlẹbẹ lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn ló dára jù, kí ẹ sì ra wúfà ẹlẹ́yìn kúkúrú sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe ìṣirò. Ká ní àpótí fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó ga ní 34, ó nípọn ní 12.6, pákó MDF rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 18. Inú rẹ̀ á kù sí 76.4 lọ́nà 30.4 lọ́nà 9, ìyẹn nǹkan bíi lítà 21. Ẹ yọ lítà kan fún ẹ̀yìn wúfà, ó ku 20. Iye yẹn dára fún ínṣì 10 kan. Ìta àpótí náà jẹ́ lítà 34, ìdá kan nínú mẹ́wàá búùtù Corolla. Ẹ wò ó pé pákó nìkan jẹ lítà 13. Bí àpótí bá ṣe pẹlẹbẹ tó ni pákó ń jẹ tó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi pákó onípele méjì ṣe é nítorí pé ó fẹ́ kó lágbára. Igi kékeré kan tó so ojú àpótí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín á ṣe ju ìyẹn lọ.

Kí ẹ tó san owó wúfà, ẹ wọn ẹ̀yìn rẹ̀, láti abẹ́ etí rẹ̀ dé ìdí mágínẹ́ẹ̀tì. Nínú àpótí tí a ṣírò yìí, sẹ̀ǹtímítà 10.8 ló wà láti ojú pákó dé ògiri ẹ̀yìn, mágínẹ́ẹ̀tì sì fẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 2 ṣẹ́ kù kó fi mí. Wúfà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọjá 8.8, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bí ẹ̀yìn ìjókòó yín bá fì sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn àpótí náà fì tẹ̀ lé e: tín-ín-rín lókè, nípọn nísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ni ẹ ó fi ṣírò lítà rẹ̀.

Gbogbo oríkèé àpótí dídí gbọ́dọ̀ gba gọ́ọ̀mù káfíńtà àti sikurúù. Ẹ tẹ ojú wúfà díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bó bá lọ́ra kó tó padà, àpótí dí, bó bá padà wìrì, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Kí ẹ sì dè é mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú bóòtì. Àpótí tó wúwo tí kò ní ìdè á fò wá bá ẹni tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan.

Wáyà

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ló máa ṣe é. Bátìrì wà níwájú, áńpìlìfáyà wà lẹ́yìn, wáyà pupa kan sì gùn ní mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín wọn. Bí etí irin kan bá gé ara wáyà náà, gbogbo agbára bátìrì á dà sára ọkọ̀, wáyà á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà sí i ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Bí rẹ́wáyà bá ní "ọ̀gá, fíùsì ti wà lára áńpìlìfáyà", ẹ fèsì pé ẹ̀yìn ni ìyẹn wà, kò lè gba wáyà tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó lu ihò tuntun sí ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti pẹ́dàálì bí ti àtijọ́ bá wà. Rọ́bà dúdú ńlá kan wà níbẹ̀ tí wáyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ lu ihò kékeré sí etí rọ́bà náà, kó jìnnà sí wáyà ọkọ̀. Ẹ tọ́ hángà aṣọ onírin gbọọrọ, ẹ lẹ wáyà pupa mọ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú téèpù, kí ẹ sì rọra fà á wọlé. Kí ẹ tó fi dírìlì kan ilẹ̀ búùtù, kí ẹnì kan wo abẹ́ ọkọ̀. Táńkì epo àti ọ̀pá rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀.

Áńpìlìfáyà wáàtì 500 tòótọ́ lè fa nǹkan bí áńpíà 45. Wáyà nọ́ńbà 4 ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú fíùsì 60. Ti wáàtì 250 lè lo nọ́ńbà 8 àti fíùsì 30. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ló pọ̀ jù lọ́jà. Ẹ fi abẹ họ okùn kan nínú rẹ̀: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ mọ̀ pé alumíníọ̀mù ni, kí ẹ ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí náà, ẹ má kà á. Ẹ wo fíùsì ẹ̀gbẹ́ áńpìlìfáyà. Bí ó bá jẹ́ fíùsì 30 kan ṣoṣo, kò lè mú ju nǹkan bíi wáàtì 300 jáde láti inú ọkọ̀, àní bí wọ́n bá kọ 3000 sí i.

Wáyà dúdú, èyí tó so áńpìlìfáyà mọ́ irin ara ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ fi sáńpépà họ ọ̀dà kúrò lára irin títí irin á fi máa dán, ẹ dè é mọ́ ọn gbọin-gbọin, kí ẹ fi gíríìsì bò ó. Ẹ má lo bóòtì bẹ́líìtì ìjókòó. Wáyà ohùn, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, kó má bá wáyà iná rìn pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ fíìn-ín fíìn-ín tó ń ga bí ẹ bá ti ń tẹ iná. Bí rédíò ọkọ̀ yín kò bá ní ihò fún áńpìlìfáyà, wọ́n lè mú ohùn láti ara wáyà sípíkà ẹ̀yìn. Wáyà búlúù tín-ín-rín tó ń jí áńpìlìfáyà gbọ́dọ̀ wá láti ara rédíò. Rẹ́wáyà tó bá so ó mọ́ iná tí kì í kú, àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ máa mọ̀, nígbà tí bátìrì kò bá dáhùn.

Bí ọkọ̀ yín bá ń lo CNG

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, sílíńdà CNG ti gba ìdajì búùtù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí tiyín bá wà lára wọn, ọ̀rọ̀ ti parí: abẹ́ ìjókòó ni kí wúfà lọ. Ẹ má lu ihò kankan nítòsí sílíńdà, ẹ má de nǹkan mọ́ ìdè rẹ̀, ẹ má sì gbé ohunkóhun dí ọwọ́ fáàbù rẹ̀. Ẹni tó fi CNG sí i fún yín ni kó kọ́kọ́ rí ibi tí wáyà máa gbà kọjá.

Títún ohùn ṣe

Ẹ yí asẹ́ béèsì áńpìlìfáyà (low-pass filter) sí 80 Hz, kí ẹ sì fi "bass boost" sí òfo. Bọ́tìnnì "gain" kì í ṣe ti ohùn ńlá. Ẹ yí i sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ gbé ohùn rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ wá máa gbé gain díẹ̀díẹ̀. Níbi tí béèsì bá ti ń bú, ẹ dá a padà díẹ̀. Orin tí etí yín mọ̀ ni kí ẹ lò: fún èmi, King Sunny Adé ni, nítorí pé gìtá béèsì àti ìlù máa ń rìn papọ̀ nínú orin rẹ̀ láìpa ara wọn. Bí gbogbo ohùn gìtá béèsì bá ń dún gbùù gbùù bákan náà, ẹ yí asẹ́ náà sísàlẹ̀ sí i. Ẹ tún yí "phase" láti 0 sí 180, ẹ jókòó sáyè dírẹ́bà, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbi tí béèsì bá ti lágbára jù.

Nọ́ńbà ọkọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn rẹ̀ ni jáàkì àti ìdérí búùtù. Fóòmù pẹlẹbẹ lẹ́yìn nọ́ńbà àti aṣọ tí ẹ wé mọ́ jáàkì ti tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ orin fún ìdajì wákàtí bí ẹ ti ń wakọ̀, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fọwọ́ kan ilé fíùsì. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, kò burú. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, sikurúù rẹ̀ ti tú tàbí wáyà ti kéré jù: ẹ dè é dáadáa, kí ẹ tún un wò lọ́jọ́ kejì, bó bá sì ṣì ń gbóná bẹ́ẹ̀, ẹ yọ fíùsì náà títí ẹ ó fi rí wáyà tó nípọn jù ú lọ.